Ohùn Ruthann Lórí Rédíò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá Ruthann Dombeck níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún. Rédíò wà lójú fèrèsé ilé ìdáná bó ṣe máa ń wà. Lou Szabo, tó ń darí ètò eré ìdárayá ní ìlú Lorain, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Ẹ jókòó o. Ẹni tó bá ń wakọ̀, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ti gbé Desmond Ruckert lọ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ruthann, ó ró gbàù nínú àwo.

Desmond Ruckert ni kọ́tábáàkì ẹgbẹ́ Apẹja, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ìlú Lorain: ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ará iwájú, tó ń wo ọ̀tún wo òsì nígbà tí àwọn òmìrán ń sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀, tó sì ń jù ú fún ẹni tó máa gbé e sáré wọlé. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ti wá fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ kan lápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ méjì tí ẹnì kankan kò tíì mọ orúkọ wọn! Ruthann fi ọwọ́ tútù di etí tábìlì mú. Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n wá gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ní àwọn yóò fi igi méjì ránṣẹ́ sí i tó bá yá.

Kò tíì mí kanlẹ̀ tí Lou fi ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Ruthann ti Pápá Keje sọ fún wa lọ́jọ́ Àìkú." Ohùn obìnrin kan sì jáde, ó ha, ó le bí irin:

"Desmond, mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí. Àwọn aláṣẹ ni mò ń bá wí. Ohun tó bá ti gbó, a kì í fi í sílẹ̀ nínú ilé kó máa gbàyè lásán. Ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ẹ gbé e lọ!"

Ruthann kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Nígbà tó mọ̀, ó pa rédíò. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú èèpo ọ̀dùnkún lórí itan.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni obìnrin yìí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, kò sì pẹ́ dé rí àfi lọ́jọ́ tí yìnyín wó afárá. Gene ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Texas, ó máa ń pè lọ́jọ́ Kérésì. Ohun tó kù fún Ruthann láyé kò ju méjì lọ: Pápá Ìgbọ́kọ̀sí Keje lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré, àti rédíò.

Lójoojọ́ Àìkú tí Apẹja bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni Ruthann ti ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ní Pápá Keje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná kẹrin. Òun àti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n jọ ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀ á dáná, wọ́n á yan sọ́séèjì, wọ́n á fi bọ́tà dín pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n di ọ̀dùnkún sínú, wọ́n á jẹ títí eré á fi bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó bá ṣèèṣì gbé ọkọ̀ sí ìdí òpó kẹrin, wọ́n á fún un ní sọ́séèjì kan, wọ́n á sì ní kó máa lọ. Bí eré bá parí, Ruthann á pe Lou. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń pè. Àṣà tirẹ̀ ni pé kì í bá Lou sọ̀rọ̀, agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wí. "Desmond, ọmọ mi, gbọ́ mi. Má di bọ́ọ̀lù náà mú pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Bí Desmond bá sì yára jù ú lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo Pápá Keje á hó, "Ó gbọ́ Ruthann!" Á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbà pé ọmọ náà ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ Àìkú kò yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Ẹgbẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló lù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Desmond ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní Lorain, ohun tí èèyàn bá sọ lórí rédíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó bá fi di Ọjọ́rú, wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀. Ó dà bí ìyá tó ní kí ọmọ òun má padà wálé mọ́, tó sì ti gbé oúnjẹ rẹ̀ dè é. Ta ló rí ibi tí wọ́n ti gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí, tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ?

Fóònù dún. Iris Maldonado ni, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìwòsàn, tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà lápá òsì ti Ruthann ní Pápá Keje; Doña ló máa ń fi pọ́n ọn lé lédè Sípéènì.

"Doña Ruth, ẹ ti gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ má dá wọn lóhùn o."

"Àwọn wo?"

Iris ní, "Àwọn tó ní ẹ̀yin lẹ lé e lọ. Chet ò tíì pè yín, àbí?"

Chet Dombeck ni àbúrò Gene. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Gene ló ti ń jókòó níwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ruthann lọ́jọ́ eré, tó ń gbé àga rẹ̀, tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ruthann pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Chet kò gbé e.

Lọ́jọ́rú, ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ń pàdé, níbi tí àwọn ará Pápá Keje ti máa ń di pírógì ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀. Ruthann lọ. Kò sí ìgbà tí kò lọ rí. Bó ti wọlé, ọ̀rọ̀ sinmi díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́," ni Bud Kovalik wí, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. "Apá rẹ̀ ti kú. Bọ́ọ̀lù kẹta tó jù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìyá mi àgbà tó wà ní sàréè ìbá já a gbà."

"Ìyá yín àgbà náà ì bá wọ jẹ́sì rẹ̀ lọ́dún tó gbé wa dé àṣekágbá," ni Iris dá a lóhùn.

"Àṣekágbá tó pàdánù!"

"Pẹ̀lú ìka tó ṣẹ́, Bud! Ìka tó ṣẹ́!"

"Wọn kì í fi ìka ronú. Òsì ló ń wò, òsì náà ló ń jù sí. Afọ́jú mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ."

"Kọ́tábáàkì méje la lò lọ́dún mẹ́rin kó tó dé. Méje! Ẹ̀yin náà lẹ ń sunkún lórí sọ́séèjì nígbà yẹn. Ẹ dárúkọ méjì nínú wọn fún mi."

Bud gbìyànjú. Ó rántí ẹyọ kan, orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í, ló bá ní, "Ó dáa, akọni ni. Kí ló wá dé tó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun lọ? Mo gbọ́ pé òun ló bẹ̀ wọ́n. Ó rí i pé ọkọ̀ ń rì, ó bẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni."

"Kò sá."

Chet ló sọ̀rọ̀. Ó wà nídìí ìkòkò omi gbígbóná, kò sì tíì gbójú sókè láti ìgbà tí Ruthann ti wọlé.

"Kò sá," ó tún wí. "Wọ́n lé e ni. Ẹ bi ẹni tó lé e."

Gbogbo ọwọ́ dúró lórí ìyẹ̀fun. Bud, tó máa ń takò Ruthann nínú ohun gbogbo, ni ẹnu kọ́kọ́ yà. "Háà, Chet. Gbogbo wa la sọ ọ́. Èmi tiẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo bú ìyá tó bí i."

"Ìwọ, ta ló ń gbọ́ ọ, Bud? Ajá rẹ náà ò gbọ́ tìẹ. Òun ni gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀."

"Chet," ni Ruthann wí.

Chet bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Ì bá sàn kó jù ú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ruthann kọjá láì wò ó, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, Ruthann kò lè jẹ, kò lè sùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń béèrè wàrà, ó yíjú padà. "Ìwọ ni! Ruthann! O ṣeun jàre, o bá wa lé e!" Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ruthann fi wàrà sílẹ̀, ó jáde. Èébú ì bá rọrùn fún un. Ó ń rò ó nínú ọkọ̀: ọmọ tí òun pè ní ọmọ òun fún ọdún mẹ́jọ, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni Desmond ti gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé ó ti gbó, kí wọ́n gbé e lọ. Chet sì rò bẹ́ẹ̀. Bí Chet bá kọ òun, ta ló kù tí òun yóò sọ pé òun ní? Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, àga iwájú ọkọ̀ yóò sì ṣófo.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Desmond Ruckert bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Agogo méjìlá ọ̀sán ni. Iris yà wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kí Doña Ruth má bàa dá nìkan wò ó. Ruthann ti pinnu pé òun yóò gba ohunkóhun tó bá sọ. Ó jókòó ṣánṣán bí ìgbà tó ń wa bọ́ọ̀sì.

Wọ́n bi Desmond pé ìgbà wo ló gbọ́ pé òun ń lọ.

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Àwọn oníròyìn wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti gbà á láàárín ara wọn, ìwé ló kù. Wọ́n ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yẹ kó rọ́pò mi ti farapa nígbà ìdánrawò, mo ní màá gbá a. Mo fẹ́ dágbére fún pápá yẹn dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. "Ẹ̀yin náà rí bí mo ṣe dágbére."

Iris ti di ẹnu mú. Ẹlòmíràn béèrè bóyá ó dùn ún pé àwọn ará ìlú ń pe rédíò pé kí wọ́n gbé e lọ.

"Rédíò?" Desmond ronú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sòótọ́. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ tí mo dé Lorain ni wọ́n ti ní kí n má ṣí i, mi ò sì ṣí i. Ọdún mẹ́jọ. Mo gbọ́ pé ó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

Iris fò sókè. "Doña Ruth! Ọjọ́bọ̀! Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ! Ẹ̀yin kọ́! Ẹ bọ́!" Ó gbá Ruthann mọ́ra, ó sì fà sẹ́yìn nígbà tó rí i pé ara obìnrin náà le gbagidi.

"Kò gbọ́ mi rí," ni Ruthann wí.

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Kò gbọ́ yín!"

"Ọdún mẹ́jọ, Iris. Mo ní kó má di bọ́ọ̀lù mú pẹ́. Mo ní kó tọ́jú ìka rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo bá a kẹ́dùn."

Iris tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò rò pé ìdáláre lè ba èèyàn lójú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kò tó ààbọ̀ wákàtí tí ọkọ̀ Chet fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ fìlà kó tó wọlé. Iris gbé báàgì rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun.

"Ruthie," ni Chet wí ní ìdúró. "Mo wò ó. Ọwọ́ rẹ mọ́. Mo wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ."

"Jókòó."

Ó jókòó. Ruthann bu kọfí fún un, ó jókòó níwájú rẹ̀. Ó ti ń ro nǹkan kan láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti kú.

"Chet, nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ Àìkú, níbo lo wà?"

"Báwo ni níbo? Nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ."

"Ẹ̀gbẹ́ mi." Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Ó rántí bí Chet ṣe dákẹ́ títí wọ́n fi délé lọ́jọ́ náà. Ó rò pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n pàdánù ló ń dùn ún. "Desmond kò gbọ́. Àwọn aláṣẹ kò gbọ́. Ìwọ gbọ́."

Chet ń yí fìlà kiri lórí orúnkún. "Kì í ṣe èmi lo ní lọ́kàn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí lo gbọ́?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Chet fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìdílé mọ̀, ẹnì kankan kì í sì í dá a sọ.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ," ó wí, "àwọn ọ̀gá méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lókè orí mi. Ọ̀kan ní ohun tó bá ti gbó, ó ń gbàyè lásán. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. N kò sọ ọ́ fún Gene pàápàá."

Ruthann na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọrùn ọwọ́ Chet mú. Kì í ṣe àṣà wọn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ó wí. "Ọwọ́ mi kò mọ́. Má tún sọ pé ó mọ́."

Chet mi orí. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. "Bud ṣì ń sọ pé apá Desmond ti kú."

"Apá rẹ̀ ti kú, Chet."

"Ruthie!"

"Ó ti kú, síbẹ̀ Desmond gbá bọ́ọ̀lù náà fún wa pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Fóònù dún lójú fèrèsé. Ilé iṣẹ́ rédíò ni; Lou Szabo ń wá Ruthann ti Pápá Keje kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó dún, ó dún, ó sinmi. Ruthann kò dìde. Ó bi Chet ohun tí ọ̀gá kejì fèsì lọ́jọ́ náà nílé iṣẹ́ irin, Chet sì gbé fìlà sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.