Mansur, Akéwì Tó Pe Ọ̀gá Ní Ọ̀gà

Láyé ìjọba ológun, gàárì wọ́n ní Ẹdẹ débi pé àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kúnlẹ̀ kí i kí wọ́n tó bù ú. Ọdún tí àwọn olùkọ́ Pólì daṣẹ́ sílẹ̀ títí koríko fi hù ní kíláàsì, tí ewúrẹ́ sì ń wọ ibẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé-ìwé, ni Mansur Ìyàndá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká akéwì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ! Bó bá ń kéwì, ẹni tí kò jẹun láti àná á rẹ́rìn-ín títí yóò fi gbàgbé pé ebi ń pa òun.

Àdúgbò Ìdí-Òsè ló ń gbé. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí pọ́ńpù rẹ̀ ti jóná. Odò ni wọ́n ń pọn, omi tó dọ̀tí débi pé ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀ ń wúkọ́. Ibẹ̀ ni onígbáméjì gbà wọlé. Ó pa ọkùnrin kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó pa tọkọtaya lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn wá dé pé ọ̀gá ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ń gbé pọ́ńpù tuntun bọ̀. Ọládòṣù, alága káńsù, ránṣẹ́ pe Mansur.

"Ìwọ ni wàá fi ewì kí wọn káàbọ̀. Yìn wọ́n kí orí wọn wú. Inú ọkọ̀ wọn ni pọ́ńpù wà o."

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Màá yìn wọ́n, wọn ò ní gbàgbé mi."

Ọ̀gá náà dé. Kò gbọ́ Yorùbá. Àmì ẹ̀yẹ tó wà láyà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń tẹ̀ síwájú bí arúgbó. Mansur bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi bí èṣù ṣe tì í. Gbogbo ibi tó yẹ kó ti sọ pé "ọ̀gá", ó gbé ohùn ìparí wálẹ̀, ó pè é ní "ọ̀gà", ìyẹn alágẹmọ.

"Ọ̀gà wa dé, ẹ pàtẹ́wọ́!
Lánàá ó lóun ó gbéjọba sílẹ̀, ọ̀gà wa!
Lónìí ó ti yí àwọ̀ padà, ọ̀gà wa!"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó wá bi Ọládòṣù pé kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ọládòṣù, tó ti ń purọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló yàn láti sòótọ́. Ó túmọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọkọ̀ yí padà tòun ti pọ́ńpù. Mansur náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ méjì kò bá a wálé. Àdùnní náà ò sí mọ́. Ọmọ Àwáwù, aládùúgbò wọn tó ń din àkàrà, ni Àdùnní; ọmọ kékeré tó máa ń sáré tẹ̀ lé Mansur kiri. Onígbáméjì ti mú un lọ.

Mansur lọ kí Àwáwù. Obìnrin náà kò dìde.

"Akéwì, káàbọ̀. Ewì yẹn dùn o. Àdùnní ń ké e kiri ilé títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀."

"Màmá, ẹ bínú sí mi. Ẹ gbá mi létí."

"Bí mo bá gbá ọ létí, ṣé omi ló máa jáde?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mansur bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri pé, "Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kànga fúnra wa." Àwọn kan tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn kan ní, "Ẹlẹ́nu ọ̀gà, máa lọ." Bàbá Jacob, àgbà ìjọ, gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni kí kànga wà. Bàbá Bùràímọ̀, àgbà mọ́ṣáláṣí, ní rárá o.

"Èmi ò ní fi omi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àlùwàlá!"

"Ẹ̀yin bàbá," ni Mansur wí, tí atẹ́gùn ń gba àárín eyín rẹ̀ jáde, "inú odò kan náà lẹ ti jọ ń pọnmi láti ọjọ́ yìí."

"Ọ̀tọ̀ lodò," ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí láti ogún ọdún nìyẹn.

Mansur padà sọ́dọ̀ Àwáwù, nítorí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

"Ibẹ̀ ni Àdùnní ti máa ń ṣeré," ni obìnrin náà wí. "Ẹ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá kéwì kan péré níbẹ̀, màá jù ọ́ sínú rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Nígbà tí wọ́n rí ìyá ọlọ́fọ̀ tó ń gbẹ́lẹ̀, ìtìjú lé Bàbá Jacob jáde, ó sì lé Bùràímọ̀ náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi kan àpáta, wọ́n fọ́ àpáta, ilẹ̀ ya lulẹ̀ mọ́ wọn lórí, wọ́n tún un gbẹ́. Kí omi tó dé, wọ́n ti sin ẹni méjì sí i tí onígbáméjì pa.

Omi dé, ó pọ́n bí ẹní pò ó mọ́ ilẹ̀pa. Ẹnìkan kígbe pé, "Mansur, sọ nǹkan!"

Mansur wo ojú Àwáwù. "Ẹ sè é kí ẹ tó mu ún."

"Kẹrosíìnì dà?" ni Àwáwù bi í. "Igi dà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mansur wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó wọ́ bẹ́ẹ̀dì onígi rẹ̀ síta, ó sì bèèrè àáké.