Oyè Tí Màmá Ṣọ́ọ̀kì Kọ Ètò Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Màmá Ṣọ́ọ̀kì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fún un lórúkọ yẹn, torí kò sígbà tí ṣọ́ọ̀kì wọ́n lápò rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ṣe làálàá ìkọ́ni, yunifásítì kan lọ́nà jíjìn ló ń fi orúkọ tirẹ̀ sórí ìwé oyè dìgírì.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fúnni ní oyè fúnra rẹ̀, bó bá ti lè yege àyẹ̀wò tí ìjọba máa ṣe sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, obìnrin tí òun àti Màmá Ṣọ́ọ̀kì jọ lo yàrá kan nígbà èwe wọn, bá ránṣẹ́ pè é.

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, bá mi kọ ètò ẹ̀kọ́ oyè yẹn. Ìwọ náà lo máa ṣe olórí ẹ̀ka."

Oṣù méje ló fi kọ ọ́. Ojú rẹ̀ wọnú. Ọkọ rẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gba ìyàwó lọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, orúkọ ẹlòmíì ló bá lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò rí rí fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, ó ń ṣí ètò ẹ̀kọ́ náà wò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ẹ máa ṣàlàyé ìwé yìí fún mi káwọn aláyẹ̀wò tó dé. Ọ̀la ni mò ń padà síbi iṣẹ́ mi."

Màmá Ṣọ́ọ̀kì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ tààrà.

"Má bínú," lọ̀gá wí, kò wojú rẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé làwọn aláyẹ̀wò fẹ́ rí, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ àtijọ́ lo ní. A yá ọkùnrin yẹn ni, fún àyẹ̀wò yìí. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń yáni."

"Ṣé o ò mọ ìwé tí mo ní nígbà tó o ń bẹ̀ mí?"

Ọ̀gá ń tún ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò. Ẹ wá wo ìwà àìnítìjú! Síbẹ̀ Màmá Ṣọ́ọ̀kì padà, torí kò fẹ́ kí iṣẹ́ oṣù méje wọmi. Ó jókòó sórí àga àlejò nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó ṣàlàyé ìwé náà látòkèdélẹ̀ fún àyálò yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yege. Àwọn aláyẹ̀wò tilẹ̀ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ pé ó kú ọpọlọ. Ó dun obìnrin náà dé eegun.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá pè é sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbàyè fún ẹ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó máa gba oyè tuntun náà. O ò ní ṣèdánwò àbáwọlé rárá."

"Ta ló máa kọ́ mi?"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Yàtọ̀ sí ẹ, kò tíì sẹ́ni tó mọ ìwé náà dáadáa. A ní kó o ṣì máa kọ́ wọn lọ ná, ọ̀mọ̀wé yẹn á máa wá fọwọ́ sí máàkì."

"Kí n kọ́ ara mi, kóun fún mi ní máàkì?"

"Fúngbà díẹ̀ ni."

Màmá Ṣọ́ọ̀kì dá fọ́ọ̀mù náà padà sí i lọ́wọ́. "Ká ní ọ̀tá mi ni ẹ́," ló wí, "ǹ bá mọ èsì tí mo máa fún ẹ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ọ̀gá láti inú kíláàsì, ọ̀gá náà ń wo pátákó ìkọ̀wé.