Ilé Oyèbísí, Níbi Tí A Kì Í Ti Í Jẹ́ Ìpè

Bí ẹ bá fẹ́ sùn ní ilé àlejò Oyèbísí ní Bàrígà, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ lẹ ó kọ́kọ́ gbà. Ìmọ̀ràn ni. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, á fọwọ́ lé ìbàdí, á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè pọn omi láàárọ̀, nítorí bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹ má sá aṣọ sí ìhà ọ̀sà, àwọn tó ń yan ẹja níbẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ kí àna yín. Ẹ má gbé fóònù sójú fèrèsé. Ẹ kó bàtà yín wọlé. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ sọ iye tí ẹ ó san kí ẹ tó jókòó, kí ó má baà fi ojú àlejò wò yín.

Bí ó bá dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ má bi àlejò ẹlẹgbẹ́ yín pé ọmọ ìlú ibo ni. Ẹ má pe oríkì ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ì báà ṣe ọmọ tí ẹ bí. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n pè yín, tí ẹ kò rí ojú ẹni tó pè yín, ẹ má jẹ́.

Àlejò mìíràn á rẹ́rìn-ín. Oyèbísí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á dúró títí wọn ó fi sọ pé àwọn gbọ́, kí ó tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Èmi ni mo máa ń fi oníbàárà ránṣẹ́ sí i. Òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé. Àwọn ènìyàn máa ń ti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá tẹ ìwé àti kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ wọn kò bá sì tán, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ìgbà kan wà tí mo ní kí n bá a tẹ ìmọ̀ràn náà sórí páálí, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó yéé dá àlejò dúró bí ọlọ́pàá. Ó ní, "Bàbá Waliyat, ta ló ń ka ògiri? Etí wọn ni mo fẹ́ kó o sí." Inú bí mi díẹ̀. Iṣẹ́ ni mo ń wá, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ọmọ onílé ni Oyèbísí. Bàbá rẹ̀ ló fi ilé náà sílẹ̀ fún un: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, àgbàlá lẹ́yìn, ògiri àgbàlá, lẹ́yìn ògiri ni ọ̀sà. Obìnrin tó sanra, tó lóhùn, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kó tó lọ́kọ. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ títí ẹnu fi ro wọ́n. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọkọ kì í ṣe iyọ̀ tí èèyàn ń sáré lọ rà nígbà tí ọbẹ̀ bá ti wà lórí iná.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni Yísà dé. Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òjò náà pọ̀ débi pé omi ti gba gbogbo ojú ọ̀nà, òun ṣílẹ̀kùn báyìí, ọkùnrin kan dúró níbẹ̀, kò gbé àpò, ẹrẹ̀ kankan kò sì sí lára sálúbàtà rẹ̀. Mo ní bóyá kẹ̀kẹ́ ló gbé e dé ẹnu géètì.

"Kẹ̀kẹ́ wo ló ń wọ àdúgbò wa bí omi bá kún?"



Yísà ní òun kàn fẹ́ sùn di ọjọ́ kejì ni. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún òrùlé ṣe. Kí ààwẹ̀ tó dé, lèmọ́ọ̀mù ti so wọ́n pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ti ìhà ọ̀dọ̀ tirẹ̀ wá síbi yìgì náà. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni ilé bàbá rẹ̀, á ní, "Òkè-Ògùn," á sì bi yín bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Yísà. Ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tó ń tu ọmọ nínú lọ. Ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ bí òtútù bá mú. Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ máa ń tìtorí rẹ̀ pariwo mọ́ ọn ni pé bí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, á kọ́kọ́ gbé bùútà sókè, á kan ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbà-gbà-gbà kó tó da omi. "Yísà, o máa fọ́ táìsì mi!" Mo ti gbọ́ igbe yẹn títí mo fi ń rẹ́rìn-ín kí ó tó ké e. Yísà kò fèsì rí, kò sì jáwọ́.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin aláṣọ òfì kan ti Ìsẹ́yìn wá sùn níbẹ̀. Yísà jókòó ní àgbàlá, ó ń jẹun. Obìnrin náà jáde, ó wò ó, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni..." Kò rí i parí. Ìjókòó ti ṣófo. Oyèbísí wà níbẹ̀, ó ní òun kò rí i kó dìde, òun kò gbọ́ ẹsẹ̀, oúnjẹ ṣì ń yọ èéfín. Obìnrin náà sá lọ láìmú aṣọ rẹ̀ tó sá. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Yísà tó padà, ó rù, ohùn rẹ̀ ti kéré sí i. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nítorí pé obìnrin yẹn kò parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lòun ṣe rí ọ̀nà padà wá. Bí ẹni tó mọ òun nílé bá pe òun, tó pe orúkọ òun délẹ̀, òun kò ní lè padà mọ́.

Àwọn àgbà ní orúkọ fún un. Wọ́n ní ẹni tó kú láìpé ọjọ́ lè lọ máa gbé ìlú mìíràn, á ṣiṣẹ́, á fẹ́ ìyàwó, á máa jẹ, á máa mu, títí di ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá pàdé rẹ̀. Àkúdàáyà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti dá a mọ̀, á tún lọ. Èmi kì í gba irú rẹ̀ gbọ́. Ìwé òkú tí mo ti tẹ̀ nínú ayé mi pọ̀ jù fún mi láti rò pé òkú tún ní ibòmíràn tó ń lọ. Ṣùgbọ́n Oyèbísí gbà á gbọ́, ó sì nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ràn rẹ̀ ti gùn sí i. Bí ẹ bá sì jẹ́ ará Òkè-Ògùn, kò sí yàrá fún yín mọ́ nílé rẹ̀, ì báà ṣófo láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ìyá arúgbó kan wọ ìsọ̀ mi lọ́sàn-án. Ìyá Àmínátù ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ìrántí fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú, Àdìgún, kí ó lè pín in níbi àdúà. Ó mú ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí i wá. Àwòrán ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nínú fóònù Àmínátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá gbé, òun ni yóò fi ránṣẹ́. Iná kò sí, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì wà lórí ẹ̀rọ. Mo bi í pé níbo ló ti wá, ó ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún Oyèbísí lórí fóònù, mo sì fi ìyá sínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Bàrígà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwòrán náà wọlé. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Yísà ló ń wò mí.

Mo pa á dé. Mo tún un ṣí. Etí kan náà tó yọ síta ju ìkejì lọ, orí tó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Mo wo ọjọ́ tí ìyá kọ sílẹ̀ pé ó kú. Ó ti kú kí Yísà tó dé Bàrígà nínú òjò. Mo pe Oyèbísí, kò gbé e. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ láìtì í, mo wọ kẹ̀kẹ́, n kò tilẹ̀ bá a ná iye owó. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: bí obìnrin yìí bá fojú kan ọmọ rẹ̀, igbe wo ni yóò ké tí kò ní jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Ilé náà dákẹ́. Mo rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ìyá ṣí sílẹ̀. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti di ẹrù rẹ̀, Oyèbísí sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, Oyèbísí tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Omijé ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Láti àgbàlá, mo gbọ́ ọ: gbà-gbà-gbà, ìdí bùútà lórí táìsì. Yísà ń ṣe àlùwàlá ìrun wàláhà. Ó wúkọ́.

Kò sí ohun tí mo tún ní í sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá ti gbọ́ bùútà àti ikọ́ náà láti ìdájí, ó sì ti mọ ẹni tó ni wọ́n.

"Má bá a wí mọ́ lórí bùútà yẹn," ni ìyá ń sọ, ohùn rẹ̀ rọra ń jáde. "Àkeekèé ló sá sábẹ́ bùútà nígbà tó wà ní kékeré, ó ta á lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń kàn án mọ́lẹ̀. Bí òtútù bá dé, fi òrí pa á láyà. Ikọ́ yẹn kò gbọ́ oògùn òyìnbó. Bó bá ń bínú, kì í sọ, oúnjẹ ló máa ń fi sílẹ̀. Má gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Á padà wá jẹ ẹ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Oyèbísí wí, "ẹ fojú àánú wò mí. Ẹ má pè é. Bí ẹ bá pè é, mi ò ní rí i mọ́."

"Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e wọlẹ̀ ní Ṣakí. Mo pè é títí ohùn mi fi lọ. Mo mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn pè é, kó má dáhùn." Ó gbé ẹrù rẹ̀. "Dìde, ìyàwó mi. Sìn mí sọ́nà."

Ìyá pè é ní "ìyàwó mi". Èmi tí n kì í sunkún níbi òkú, mo kọjú sí ògiri.

Oyèbísí mú ìyá lọ́wọ́, mo tẹ̀ lé wọn. Ìyá kò wo ìhà àgbàlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ń fa nǹkan tó wúwo. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì nígbà tí ohùn kan dún láti ẹ̀yìn ilé, jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ohùn Yísà ṣe máa ń rí.

"Ìyá mi! Ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

Ìyá dúró. Oyèbísí wo ojú ìyá. A kò rí ẹnikẹ́ni, ògiri nìkan ló wà níbẹ̀, àti èéfín ẹja tó ń bọ̀ láti ọ̀sà.

"Ìyá mi o!"

Ìyá mú etí gèlè rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì jáde ní géètì. Oyèbísí kò lè sìn ín kọjá ibẹ̀. Ó di irin géètì mú, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Nínú kẹ̀kẹ́, a ti ń sún mọ́ Fádèyí kí ìyá tó mú gèlè kúrò lẹ́nu.

"Ìyàwó mi ti sọ fún mi láná," ló wí. "Ó ní bí wọ́n bá pè mí, tí n kò rójú, kí n má jẹ́." Lẹ́yìn náà, ó ní kí n má tẹ kàlẹ́ńdà náà mọ́. Mo fi ìyá sínú ọkọ̀ Ìbàdàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun àsárì tí Yísà wọ ìsọ̀ mi. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo dìde, mo fi ara mi bò ó, n kò sì mọ orúkọ tí mo lè fi kí i. Kò wo ìhà ibẹ̀. Tẹ̀sùbáà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá yẹn gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i." Ó gbé e sórí tábìlì, ó rọra tò ó bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dún. "Mo pè é láàárọ̀. Kò dá mi lóhùn."

"Àgbà ni," ni mo wí. "Etí rẹ̀ ti di."

Yísà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Etí rẹ̀ kò di rí, Bàbá Waliyat. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó jáde, ó sì gba ọ̀nà Bàrígà lọ sílé.