Àdúrà Mọ̀dínátù Lórí Ìkànnì Méjì

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé Mọ̀dínátù ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Irọ́ ni. Yàrá tèmi àti tirẹ̀ ló kọjú síra ní Ìgándò níbí, asàlátù kan náà la jọ ń lọ, mo mọ bó ṣe jẹ́.

Aránṣọ ni, Ìkòtún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bàbá wọn kú nígbà tí àbúrò rẹ̀, Rídwàn, ṣì kéré. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni Mọ̀dínátù fi rán an níwèé, òun náà ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ọkùnrin ń wá, wọ́n ń lọ, ó ní kí àbúrò òun kọ́kọ́ dúró ná. Nígbà tí Rídwàn fi máa dúró, ẹ̀gbọ́n ti lé lógójì, kókó ti kún ilé-ọmọ rẹ̀, àwọn dókítà sì yọ kókó tòun ti ilé-ọmọ. Ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la mọ̀.

Alfa Al-Ameen tó ń darí asàlátù wa ló gbé iṣẹ́ fún Rídwàn pé kó ṣe ìkànnì méjì fún òun. Ọ̀kan wà fún asàlátù, níbi tí a ó ti máa kọ àdúrà tí a fẹ́ ránṣẹ́ sí Alfa nìkan. Èkejì wà fún àwọn tó ń wá ọkọ tàbí aya, gbogbo ayé ló sì lè wò ó. Rídwàn wá ń ṣe fáàrí fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, dátábéèsì kan, ibi tí orúkọ àti ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn ń wà, ni mo lò fún méjèèjì. Ẹ wo táǹkì orí ilé yín yìí. Omi yàrá yín, ibẹ̀ ni. Omi yàrá Àǹtí mi, ibẹ̀ náà ni. Kí lèèyàn fẹ́ fi táǹkì méjì ṣe, jàre?"

Ọ̀lẹ ló ń pe ara rẹ̀ ní ọlọgbọ́n.

Mọ̀dínátù forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ìgbéyàwó. Níbi tí wọ́n ní kó sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ń ránṣọ, òun bẹ̀rù Ọlọ́run, òun ò fẹ́ ariwo. Ibẹ̀ ni Abdulganiyy ti rí i, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé l'Ókè-Odò, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó máa ń wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Mọ̀dínátù lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ ilé-ọmọ fún un. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé ó di ọ̀la.

Nígbà tí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ku ọ̀la, ẹ̀rù bà á, ó lọ sórí ìkànnì asàlátù. Òfin Alfa ni pé èèyàn kì í fi àdúrà ṣe àdììtú: kọ orúkọ rẹ, kọ orúkọ ìyá rẹ, kọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí o sì la ohun tí o ń fẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀.

Àṣé ojú kan ṣoṣo ni Rídwàn fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan níbi tó kó gbogbo wa sí. Bí àdúrà ṣe wọlé, ó lé ọ̀rọ̀ tó ti kọ nípa ara rẹ̀ kúrò, ó sì jáde sábẹ́ fọ́tò Mọ̀dínátù lórí ìkànnì ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin náà ò dán iṣẹ́ rẹ̀ wò rí.

Àwọn àna dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Zulaihat, ẹ̀gbọ́n Abdulganiyy obìnrin, ló ṣáájú wọn, fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí a ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ jẹ́ n ka ohun tí ìyàwó wa kọ nípa ara rẹ̀." A rò pé oríyìn ni. Ó fi ohùn àdúrà kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Yá Allah, èmi Mọ̀dínátù ọmọ Sìdíkátù, wọ́n ti yọ ilé-ọmọ mi. Má jẹ́ kí Abdulganiyy ọmọ Aasiyah mọ̀ títí yìgì á fi so. Bò mí láṣìírí."

Ìyá Mọ̀dínátù ti dàgbà, etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ó gbọ́ Yá Allah, ó gbọ́ Sìdíkátù tí í ṣe orúkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àmín! Àmín, yá Rábì!"

Ẹ̀rín bú lápá ọ̀dọ̀ àwọn àna. Obìnrin kan rín in títí ó fi di àga mú. Inú bí mi gan-an.

Abdulganiyy ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Mọ̀dínátù.

"Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi. Ṣé mo sọ fún ọ pé ọmọ ni mò ń wá? Ọlọ́run lo wá lọ bẹ̀ pé kó bá ọ tàn mí."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Zulaihat ní kí wọ́n kó èso tí wọ́n gbé wá, wọ́n sì kó o, títí kan ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti gé.

Kó tó di alẹ́, fọ́tò ojú-ìwé ìkànnì náà ti dé Ìkòtún. Àwọn obìnrin ń wá wọn aṣọ tí wọn ò ní rán, kí wọ́n ṣáà lè wo ojú rẹ̀. Ó bẹ Rídwàn pé kó yọ òun kúrò lórí ìkànnì ìgbéyàwó. Ẹ wo èsì tí ọmọ tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ dàgbà fún un:

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí mi, kí lẹ kọ orúkọ gbogbo èèyàn sí i fún?"

Ó sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀.

Ní asàlátù ọjọ́ Sunday, Alfa ń pe orúkọ wa láti orí fóònù rẹ̀, orúkọ ìyá ń tẹ̀ lé e, a ń ṣe àmín fún ara wa. Ó pe tèmi. Ó kù díẹ̀ kó parí, kò tíì pe Mọ̀dínátù. Bí Rídwàn ṣe pa á rẹ́ lórí ìkànnì ìgbéyàwó, ó parẹ́ lórí ti asàlátù náà; táǹkì kan ni. Mọ̀dínátù nawọ́.

"Alfa, ẹ ò tíì pe tèmi."

Alfa wo fóònù sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. "Orúkọ yín ò sí níbí o. Ẹ lọ tún àdúrà yín kọ. Ẹ kọ ọ́ yé mi dáadáa, ẹ má gbàgbé orúkọ ìyá yín."

Àwọn kan fi ìborùn bo ẹnu. Alfa pe orúkọ tó kàn, gbogbo wa ṣe àmín. Mọ̀dínátù náà ṣe é.