Ọjọ́ Tí Àjàmú Jẹ Àrùn Ọkọ̀

Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ pé Àjàmú mẹkáníìkì jẹ àrùn ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ní gbangba, ní ọ̀sán gangan. Ó fi awẹ́ obì sìn ín lọ́nà ọ̀fun, ó sì gbé e mì. Ohun tó jẹ gan-an ni ará ìlú kò mọ̀. Abíọ́nà awakọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, bí òun ṣe rò nìyẹn.

Ọdún 1987 ni. Bọ́ọ̀sì oní-dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Òkè-Ògùn nígbà náà. Tọ́bò ló máa ń fi tipátipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Àlàájì Mùstàfá ra ọ̀kan, ó fi Abíọ́nà sídìí rẹ̀, kó máa kó èrò láti Ṣakí lọ sí Ìgbòho. Láàárín oṣù kan péré, rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbàù! Èéfín dúdú á bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

"Abíọ́nà," ni Àlàájì wí, "bí mo bá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ wà nínú ọ̀ràn yìí, kọ́kọ́rọ́ mi ni kí o kó fún mi."

Abíọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn méjèèjì gbé ọkọ̀ lọ bá Àjàmú.

Ọmọ ọdẹ ni Àjàmú, bí ẹni ń dọdẹ ló sì ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe. Kì í fọwọ́ kan sípánà kó tó gbọ́ ohùn ẹran. Bó bá ti tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ dá èémí dúró. Lọ́jọ́ tí adìẹ Ìyá Àpọ́nlé, èrò ọkọ̀ Ìgbòho, ké nínú agbọ̀n, ó lé adìẹ jáde, ó sì lé Ìyá Àpọ́nlé tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì kan tó ti ìlú ńlá wá ní kí wọ́n pààrọ̀ tọ́bò ọkọ̀ kan. Àjàmú wò ó tìyanutìyanu. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọmọ mi." Ohun tó sì fi ń yangàn jù ni pé òun kò parọ́ mọ́ ọkọ̀ rí.

Ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ Àlàájì, ó mirí. "Ó jẹ afẹ́fẹ́ yó, kò sì mọ̀ pé òun yó. Agolo kékeré ẹ̀gbẹ́ tọ́bò yìí ló yẹ kó ṣílẹ̀kùn kí èéfín yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí tọ́bò rọra. Kò ṣí i."

Ó mú póńpù kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú agolo. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ sún wẹ́rẹ́.

"Agolo ò jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn ò jẹ̀bi. Ta ló wá kù?"

Abíọ́nà mọ ẹni tó kù. Rọ́bà wẹ́wẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá agolo ló kù. Ó ti lu lóṣù tó kọjá, ó sì ń súfèé. Ìyá Àpọ́nlé figbe ta pé ọkọ̀ tó bá ń súfèé nínú igbó, ejò ló ń pè. Èrò ní àwọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ni Abíọ́nà bá fi òwú pupa so rọ́bà náà lọ́rùn pinpin. Ìfé dákẹ́, inú èrò dùn, àṣé ọ̀nà ọ̀fun agolo ló dí.

Ọwọ́ Àjàmú rìn lára rọ́bà náà títí ó fi kan òwú. Ó gbójú sókè wo Abíọ́nà. Abíọ́nà wolẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i?" ni Àlàájì bi í.

"Mo ti rí i." Àjàmú já òwú, ó ju awẹ́ obì sẹ́nu, ọwọ́ kejì sì tẹ̀ lé e.

"Kí ni?"

"Àrùn ni, Àlàájì. A kì í fi han ẹni tó ni ọkọ̀."

"Ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni?"

"Mo ti jẹ ẹ́ tán."

Ó fi rọ́bà tuntun sí i. Rọ́bà ńlá kò bẹ́ mọ́. Inú run Àjàmú fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí Abíọ́nà wá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó ní, "Bó bá tún ń súfèé, èmi ni kí o wá pè. Ohun tó ń ké la lè gbà là. Má ṣe so ó lọ́rùn mọ́."

Lọ́dún 1989, Àjàmú kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìtàn àrùn tó jẹ ni gbogbo ènìyàn ń sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Abíọ́nà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlàájì.

"Àlàájì, ẹ forí jì mí. Òwú ni Bàbá jẹ. Èmi ni mo so ó."

"Òwú pupa," ni Àlàájì wí.

Abíọ́nà gbójú sókè.

"Mo rí i kó tó wọ ẹnu rẹ̀. Mo ní, bí ẹni tí kì í parọ́ mọ́ ọkọ̀ bá lè gbé òwú tó rin fún epo mì nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ta lèmi tí màá gba kọ́kọ́rọ́? Dìde, jàre."

Ẹ̀rín bú sáyé. Àlàájì náà rín títí ó fi ń nu ojú, kò sì tètè nù ún tán. Àárò Àjàmú sọ Abíọ́nà gidigidi.

Nígbà tó yá, àwọn ará Ìgbòho tó wá síbi ìsìnkú wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Abíọ́nà ṣíná ẹ́ńjìnnì. Ariwo èrò dákẹ́ lójijì. Ìyá Àpọ́nlé fi ọwọ́ bo agbọ̀n adìẹ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dá èémí dúró.