Okùn Mi àti Irin Rẹ̀

Ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni àbúrò rẹ̀ wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun ti ṣe tán láti ṣú mi lópó. Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ mi, alágbẹ̀dẹ ni àbúrò rẹ̀ náà. Ilé agbẹ̀dẹ kan náà ni wọ́n jọ ń lò ní Ìkọ̀lé, ojúbọ Ògún wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì. Títí di ọjọ́ náà, "ọkọ mi" ni mo ń pè é, bí ìyàwó ṣe ń pe gbogbo ẹni tí ó bá nílé ọkọ. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ.

"Ta ló ń fẹ́ ọ?" ni ó bi mí.

"Kò sí ẹni tó ń fẹ́ mi."

"Ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ yìí ló kó sí ọ lórí."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kọ́. Ìwọ gan-an ni n kò fẹ́."

Kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì wà nídìí ààrò, wọ́n gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn dùn ún ju kíkọ̀ tí mo kọ̀ ọ́ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó ẹrù mi síta, ó sì ti fi àgádágodo ti yàrá ọkọ mi.

"Jáde ní ulé mi," ó ní. "Kò sí àyè fún obìnrin tó gbójú níbí."

N kò ní ọmọ tó yè, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè bá mi bá a jà. Mo gbé ẹní mi àti ìkòkò mẹ́ta, mo lọ gba yàrá kan lọ́wọ́ ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, lẹ́bàá títì tí lọ́rì ń gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ọkùnrin náà. N kò fi bò. Bí mo bá rí i lọ́nà odò, màá tutọ́ sílẹ̀. Òun náà á tutọ́.

Ọmọ Ìpáò ni mí. Bàbá mi ló ń ran igbà tí àwọn agunpẹ fi ń gun ọ̀pẹ, kò sì bí ọkùnrin, nítorí náà èmi ló kọ́ níṣẹ́. Mo mọ ìko ọ̀gọ̀rọ̀ tó dára, mo mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ́, bí a ṣe ń ran án lórí itan títí tí awọ itan á fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé mi jáde, okùn ni mo ń ran tà. Àwọn agunpẹ ń rà á, àwọn tó ń so ewúrẹ́ ń rà á, àwọn alábàárù tó ń kó ẹrù sí lọ́rì náà sì ń rà á.

Àwọn alábàárù yìí ló dárúkọ mi ní sítóò. Àwọn òyìnbó ọlọ́jà kan ló kọ́ sítóò náà sẹ́bàá títì, wọ́n ń ra epo pupa àti èkùrọ́ níbẹ̀. Ogun òyìnbó ti gbóná nígbà náà, wọ́n ní wọ́n ń wá epo wa lójú méjèèjì lókè òkun. Inú garawa ni wọ́n ń rọ epo sí, wọ́n á jó ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n á kó o sí lọ́rì lọ sí Ìdó, níbi tí sítóò wọn tó tóbi jù wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dára. Bí lọ́rì bá ṣe ń fò ni garawa ń kọlu garawa, kí wọ́n tó dé Ìdó, epo á ti máa kán sílẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀. Akọ̀wé tó ń ṣọ́ sítóò, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wá láti etíkun, gba ìwé pé kí wọ́n má to garawa sílẹ̀ ọkọ̀ lásán mọ́. Kí wọ́n kan pátákó bíi pèpéle, kí wọ́n to garawa mẹ́rìndínlógún sórí rẹ̀ ní ìpele méjì, kí wọ́n dì í pọ̀ kí ó má lè mì. Abẹ́ pátákó náà á ní àlàfo tí àwọn alábàárù á ki igi bọ̀ láti gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀dì ni àwọn alábàárù ń pe pátákó yìí.

Akọ̀wé ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, àbúrò ọkọ mi ti wà níbẹ̀, ó dúró ti ògiri, ó ká ọwọ́ gbera.

"Ìwé kò sọ ohun tí a ó fi dì í," ni akọ̀wé wí. "Bàbá alágbẹ̀dẹ ní ọ̀já irin ló dáa. Àwọn alábàárù ní okùn ìyá olókùn kì í já. Èmi kò mọ èyí tó dáa jù. Kí kálukú yín di bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ ó bá lọ́rì lọ sí Ìdó, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá jò ni a ó máa lò."

"Èmi àti obìnrin yìí kò ní jókòó sínú ọkọ̀ kan náà," ni àbúrò ọkọ mi wí.

"Kí ó fẹsẹ̀ rìn," mo dáhùn.

Akọ̀wé wo èmi, ó wo òun. "Ìjà ilé yín kò kàn mí," ó ní. "Ọ̀la ni lọ́rì ń lọ."

Àbúrò ọkọ mi gé àgbá irin tó ti ya sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó lù wọ́n pẹlẹbẹ, ó fi wọ́n gbá garawa rẹ̀ lọ́jàá, ó sì kan orí àti ìdí wọn mọ́ pátákó. Ó dára lójú, n kò ní purọ́. Èmi fi okùn gbígbẹ di tèmi, mo fi ẹsẹ̀ tẹ garawa, mo fà á títí tí kò fi sí àyè tí ìka lè gbà wọ abẹ́ rẹ̀. A jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wà láàárín wa.

A kò tíì kọjá Ọ̀yẹ́ tán nígbà tí òjò dé. N kò rántí ohun tí ọmọdé ilé wa gan-an mọ̀, pé okùn ìko máa ń sún kì bí omi bá kàn án. Okùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún garawa. Mo ń gbọ́ bí ara wọn ṣe ń tẹ̀ wọlé, kòó, kòó. Ó gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín nínú òjò.

"Pa á," ó ní. "Fún un lọ́rùn bí o ti fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn."

Ibà ló pa ọkọ mi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé e lọ sí ojú oorì. Mo dìde láti fi ẹsẹ̀ gbá a, ọkọ̀ fò, mo ṣubú lé garawa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé epo ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já irin rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì ni etí irin ń rẹ́ garawa níbi igun, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ rẹ́ iṣu.

"Wo tìrẹ náà!" ni mo kígbe.

Garawa mẹ́ta ló bẹ́ lára tèmi. Méjì ló ya lára tirẹ̀. Òyìnbó tó wà ní sítóò Ìdó fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ nǹkan, ó wọlé lọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mo sì ń sọ fún un pé igun ló ń pa garawa. Mo ní bí a bá la ọparun, tí a fi bo gbogbo igun, okùn kò ní bu garawa jẹ, bẹ́ẹ̀ ni irin kò ní rẹ́ ẹ. Àbúrò ọkọ mi nà sílẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ọkọ̀. Mo rò pé ó ti sùn.

Akọ̀wé ní ká tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, mo dé sítóò, mo bá a tó ti fi ọparun lílà bo gbogbo igun garawa rẹ̀.

"Olè!" mo pariwo. "Èmi ni mo sọ ọ́! Dírẹ́bà, ṣé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́?"

Dírẹ́bà wo ilẹ̀. Àbúrò ọkọ mi kò tilẹ̀ yíjú.

"Ṣé ìwọ lo gbin ọparun ni?" ó ní.

Èmi náà fi ọparun bo igun tèmi, ṣùgbọ́n mo ní ohun kan tí n kò sọ fún dírẹ́bà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fi agbára fa okùn. Mo fi àyè sílẹ̀ lára rẹ̀, mo ki kùmọ̀ kékeré bọ̀ ọ́, mo lọ́ ọ títí tó fi le, mo sì so kùmọ̀ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí òjò bá dé, màá lọ́ ọ padà díẹ̀. Bí oòrùn bá mú, màá lọ́ ọ sí i. Bí bàbá mi ṣe ń na igbà tuntun nìyẹn. Mo ń so kùmọ̀ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ni ojú mi lọ sí pátákó tirẹ̀. Ìṣó kan tó kàn sí igun apá ọ̀dọ̀ mi wọ inú ibi tí igi ti là. Èèyàn kò nílò láti jẹ́ káfíńtà kó tó mọ̀ pé ìṣó yẹn kò ní dúró. Mo wò ó dáadáa. Mo gbé ojú mi kúrò. N kò sọ nǹkan kan.

A kọjá Ọ̀yẹ́ láìsí wàhálà. Nígbà tí ọkọ̀ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó lọ sísàlẹ̀ odò, mo gbọ́ ohùn ìṣó náà bó ṣe ń fà tu. Òun náà gbọ́ ọ. Ó fò dìde, ó na ọwọ́ láti di garawa òkè mú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já irin tú, ó ta wìn-ín, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù. Garawa mẹ́rin já bọ́ sí títì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti epo dà pọ̀ sílẹ̀ ọkọ̀ tó fi jẹ́ pé a kò mọ èyí tó jẹ́ èyí.

Dírẹ́bà dúró. Mo ya etí ìró mi, mo fẹ́ fi dì í lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn mí!" ó kígbe. "Ìwọ lo ṣe é! Ìwọ lo tú u!"

"N kò tú u."

"Àjẹ́!"

Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ti yí wa ká, wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn kan ti ń fi igbá bu epo tó wà nínú kòtò títì, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń bù ú. N kò lè búra pé ọwọ́ mi mọ́, nítorí náà mo dákẹ́, dídákẹ́ mi sì dà bí ìjẹ́wọ́ lójú wọn. Dírẹ́bà ló di ọwọ́ náà. Nígbà tí a dé Ìdó, òyìnbó náà mi bẹ́ẹ̀dì mi tìtì, kò mì, kò sì jò. Báyìí ni wọ́n ṣe mú okùn.

Inú mi kò dùn tó bí mo ti rò. Ọwọ́ rẹ̀ san, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́, kò sì lè di òòlù mú dáadáa mọ́. Gbogbo àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ ló mọ ẹjọ́ náà, wọ́n sì ti dá a. Àwọn ìyàwó rẹ̀ á kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́jà. Ẹnì kan da eérú sí ẹnu ọ̀nà mi. Ìyá àgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bi mí léèrè, ó ní, "Ṣé o ṣe é?" Mo ní n kò ṣe é. Kò bi mí bóyá mo rí i.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, akọ̀wé ní ọparun lílà kò tó mọ́ ní sítóò, òun sì ti rí ẹni tí yóò máa là á. Mo wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àbúrò ọkọ mi tó jókòó sórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ di ọparun mú, ó ń fi ọwọ́ òsì là á.

"Uṣẹ́ ni mo wá ṣe," ó ní kí n tó la ẹnu. "N kò wá bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ta ló fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀?"

Bí a ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀ nìyẹn fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Á la ọparun, á jù ú sílẹ̀ níwájú mi, màá fi bo igun, màá dì í. Bí mo bá fẹ́ èyí tó gùn, màá sọ ọ́ fún alábàárù, alábàárù á sọ ọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni a fi jìnnà síra wa. Ó máa ń là á dáadáa. Kò sí ẹ̀gún lára rẹ̀ tó lè gún mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ìdí tó fi ń ṣe wàhálà láti ha á kúrò.

Lọ́jọ́ kan, nínú ọyẹ́, àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo ń lọ́ kùmọ̀ lọ́wọ́ ni mo ṣàdédé sọ ọ́.

"Mo rí ìṣó yẹn kí ọkọ̀ tó gbéra."

Kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí ọ nígbà tí ò ń wò ó. Ìgbà tí o wò ó ni èmi náà wò ó, mo rí i pé igi ti là."

"Kí ló dé tí o kò yọ ọ́?"

"Lójú rẹ? Kí n yọ ìṣó tí mo kàn lójú rẹ, kí o wá rẹ́rìn-ín?"

Ọwọ́ mi tú lára okùn, kùmọ̀ yí padà, ó gbá mi ní ọrùn ọwọ́. Ó la ọparun kan tán, ó jù ú sílẹ̀ níwájú mi, ó mú òmíràn.

"Má ṣe rò pé mo ti dárí jì ọ́," ó ní.

"Èmi náà kò tíì dárí jì ọ́."

"Ó dáa."

Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó àgbá irin ńláńlá wá sí sítóò, wọ́n ní inú wọn ni kí a máa rọ epo sí, èèyàn mẹ́rin á sì máa yí wọn lórí igi gòkè ọkọ̀. Wọn kò nílò bẹ́ẹ̀dì mọ́, wọn kò nílò okùn tàbí ọparun. Akọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ wa níkọ̀ọ̀kan. Àbúrò ọkọ mi nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọjà lọ. Mo kó ìko tó ṣẹ́kù sórí, mo gba ẹ̀yìn sítóò kí a má baà jọ rìn.