Fíìmù Kérésì Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Bàbá Mi

Ó dìgbà o, Bàbá mi, Akíndélé ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọkùnrin tí í rẹ́rìn-ín sí àpárá ara rẹ̀ kó tó dá a tán. Ẹ lọ, ilé pa rọ́rọ́. Ẹkún ló yẹ kí n máa sun síbí yìí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọ̀rọ̀ yìí rí mi lára.

Mo ka ìtàn ìgbésí ayé yín tí ìgbìmọ̀ ìsìnkú tẹ̀ síwájú ìwé ètò ìsìnkú yìí. Iṣẹ́ yín ní èbúté Onne wà níbẹ̀. Oyè yín nínú ìjọ wà níbẹ̀, títí kan ọjọ́ tí ẹ bá wọn kun ògiri ilé ìjọsìn. Fíìmù yín nìkan ni kò sí. Mo bi alága ìgbìmọ̀ náà. Ó ní kí a má baà dójú ti olóògbé ni. Alága yìí kan náà ló ṣe onílé nínú fíìmù ọ̀hún!

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: fíìmù aláwàdà ni, ti ọdún Kérésì. Ìdílé mẹ́rin wà nínú ilé kan ní àdúgbò Old GRA, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kálukú sì ti ṣèlérí itan rẹ̀ fún àna tirẹ̀. Àwọn ará ìjọ àti àwọn àgùnbánirọ̀ ni ẹ kó jọ, bí ogún. Wọ́n jẹ ìrẹsì Màmá mi fún odidi oṣù kan, wọ́n ń fẹ̀rín wó lulẹ̀. Nígbà tí fíìmù jáde, oníwèé ìròyìn kan kọ ọ́ pé nínú gbogbo wọn, ewúrẹ́ nìkan ló mọ eré ṣe. Rédíò gbà á, ọjà gbà á: "Na only goat sabi act." Àwọn òṣèré yín nu ẹnu nù, wọ́n ní àánú yín ló mú àwọn bá yín ṣe é.

Ẹ̀yin gé ìwé ìròyìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Ẹ ní, "Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti rẹ́rìn-ín, ọdún ti dé."

Ká sòótọ́, fíìmù náà kò dára tó. Ó gùn jù, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n alága kọ́ ló rí mi lára jù. Èmi fúnra mi ni.

Ní yunifásítì, àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí níwájú họ́sítẹ̀lì bóyá èmi ni ọmọ ẹni tó ṣe fíìmù ewúrẹ́. Mo ní rárá o, orúkọ ló jọra. N kò mọ̀ pé ẹ ti dé, pé ẹ dúró lẹ́yìn mi tẹ̀yin tàpò gàrí. Ẹ wò mí. Ẹ tẹrí ba, ẹ ní, "Àǹtí, Bàbá yín ní kí n gbé èyí wá fún yín." Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sì lọ bíi dírẹ́bà. Bàbá tó bí mi pè mí ní àǹtí, kí irọ́ mi má baà tú. Kò sí oníwèé ìròyìn kankan níbẹ̀ tó máa kọ nípa eré yẹn. Ẹ délé, ẹ ò sọ fún Màmá. Ẹ ò bi mí rí, èmi náà ò sì bẹ̀ yín.

Mo ti bá àwọn atẹ̀wé sọ̀rọ̀. Àwòrán yín pẹ̀lú ewúrẹ́ náà ni wọ́n máa tẹ̀ sókè ọ̀rọ̀ mi yìí. Bó bá wu alága, kó ya ojú ewé náà.

Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Bísí ni, ọmọ ẹni tó ṣe fíìmù ewúrẹ́.